Ọ̀nà tí Ó Gba Iwájú Ilé

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo kọ gbólóhùn tó ba ayé aládùúgbò mi jẹ́. Gbólóhùn náà kò gùn. Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú rẹ̀. Mo ti fi àmì ohùn sí i bó ti yẹ, mo sì ti fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó fi ìwé ìdánwò sílẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta nígbà náà. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Obìnrin Èkìtì ni mí, ṣùgbọ́n Agége ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi, ní òpópónà kan tó lọ láti ẹ̀gbẹ́ ojú irin sí ìhà Oko Ọba. N ò ní dárúkọ òpópónà náà, n ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì wà láyé, èmi gan-an sì ni ó kàn jù.

Fún ẹni tí kò bá mọ agbègbè wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń tú jáde, àwọn kan ń lọ sí iléeṣẹ́ ní Oregun, àwọn kan sí Ìkejà, àwọn kan á já sí Maryland kí wọ́n tó tún wọ ọkọ̀ míì. Ọkọ̀ mẹ́ta ni ẹlòmíràn ń wọ̀ lọ síbi tí ẹyẹ lè fò dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Láti òdìkejì, àwọn alápatà ń bọ̀ láti Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, nínú kẹ̀kẹ́ márúwá, ẹsẹ̀ màlúù á máa yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Bí òjò bá rọ̀, omi gọ́tà wa a máa pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n tó da ọ̀dà sí òpópónà náà, egungun màlúù ni àwọn onílé àkọ́kọ́ fi ń dí kòtò rẹ̀ àti ti iwájú ilé wọn. Ẹ fi egungun yẹn sọ́kàn. A óò padà débẹ̀.

Ọ̀kánkán ilé mi ni Ìyá Aránṣọ ń gbé. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè é nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó sì fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Yúníìfọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ọmọ tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ tí kò wọ aṣọ tí ọwọ́ obìnrin yìí rán, òun fúnra rẹ̀ kò sì ju kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ kí wọ́n tó mú un kúrò níléèwé. Ọkọ rẹ̀ ń tún ẹ̀rọ ṣe ní iléeṣẹ́ kan ní Oregun títí ó fi kú. Iwájú ilé ni wọ́n sin ín sí, ní ẹsẹ̀ mẹ́fà sí ojú ọ̀nà, wọ́n sì fi kọnkéré bò ó pẹrẹsẹ.

Lórí kọnkéré yẹn ni Ìyá Aránṣọ máa ń jókòó sí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tó bá ń ṣẹ́ etí aṣọ. Àwọn oníbàárà náà a máa jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í jókòó sápá orí. Bí àlejò bá ṣe bẹ́ẹ̀, á fi abẹ́rẹ́ tọ́ka sí i pé, "Dákun, sún. O ti jókòó lé e lójú." Ó máa ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú yàrá. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní Pọta lọ́hùn-ún, nílẹ̀ àwọn elépo rọ̀bì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wálé. Nítorí náà, nígbà tí mo bá sọ pé iwájú ilé ni gbogbo ohun tó kù fún un, n kò sọ àsọdùn.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, àwọn elétò ìlú wá bá wa nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Àwọn méjì ni: ọkùnrin kan tó na àwòrán ilẹ̀ mọ́ ògiri, àti ọmọbìnrin kan tó wọ gíláàsì, tó sì sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní, "Kò sí ẹni tó ń gbé Agége tí ayé rẹ̀ parí sí Agége. Níbí lẹ ń sùn, Oregun lẹ ti ń ṣiṣẹ́, Ìkejà lẹ ti ń gba ìtọ́jú, ẹbí yín wà lápá Maryland. Bí a bá tún ọ̀nà kan ṣe tí a fi ìyókù sílẹ̀, a kàn ń gbé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti ẹnu ọ̀nà yín lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni." Lójú àwòrán náà, ìlà àwọ̀ ewé kan bẹ̀rẹ̀ láti Oko Ọba, ó kọjá lọ́dọ̀ wa, ó gba Ìkejà lọ. Ọ̀nà àwọn bọ́ọ̀sì nìkan ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò máa rìn, gọ́tà tí wọ́n bò lórí, àti igi tí yóò máa ṣíji bo èèyàn. Ó pe irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní orúkọ kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n sì ní kí n túmọ̀ rẹ̀, mo ní, "Àdúgbò tí yóò tọ́jọ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo fẹ́ràn ètò náà. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ má baà rò pé ọ̀nà ni mo wá fẹ̀sùn kàn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ onílé, Gẹ̀ẹ́sì ni. Alága ẹgbẹ́ náà, ọkùnrin kan tó ń ta páànù àti ìṣó, gbé e wá bá mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá wa sọ ọ́ di Yorùbá tó já geere, kí a lè kà á nípàdé." Ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà sọ ọ́ gbangba pé wọn yóò mú nínú ilẹ̀ iwájú gbogbo ilé tó wà lápá ọ̀tún kí ọ̀nà lè gbòòrò. Tèmi wà lápá òsì. Ó ní kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn wá gba fọ́ọ̀mù, kí wọ́n lè ṣètò ohun tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, kí oṣù tó parí.

Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé wọn yóò "gé" iwájú ilé. Mo wò ó. Ọ̀rọ̀ náà le létí mi, ó dà bí ọ̀rọ̀ alápatà. Mo fi bírò pupa fagi lé e, mo sì kọ èyí dípò rẹ̀: "Ọ̀nà bọ́ọ̀sì tuntun yóò gba iwájú gbogbo ilé tó wà ní apá ọ̀tún." Inú mi dùn sí i. Ó kúrú, ó mọ́, ó ṣeé kà sókè.

Lọ́jọ́ ìpàdé, èmi náà ni mo kà á. Gbogbo ènìyàn ń mi orí. Nígbà tí mo parí, Ìyá Aránṣọ dìde láti ẹ̀yìn. Téèpù ìwọnṣọ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. 'Gba' tí o kà yẹn, 'gba' wo ni? Ṣé 'gba' tí èèyàn ń gba ibì kan kọjá ni, àbí 'gba' tí wọ́n ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lórí ìbéèrè yẹn díẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, bóyá ni akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí ní ìbéèrè tó mú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí mo mọ ohun tó wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Òun tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ méjèèjì. Ẹnu mi ni ó yẹ kí ìdáhùn ti wá, ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré: gbígbà lọ́wọ́ èèyàn ni.

Ohun tí mo sọ nìyí: "Ìyá, 'gba' kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé yìí. Ọ̀nà ni olùwà, gba ni ọ̀rọ̀-ìṣe, iwájú ilé ni àbọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní mi á ti dáhùn èyí kí aago tó lù. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ rán gírámà fún wa lónìí."

Gbọ̀ngàn náà bú sẹ́rìn-ín. Alága fi ọwọ́ lu tábìlì. Ẹnìkan láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pariwo pé, "Ìyá, ẹ máa ṣẹ́ etí ṣòkòtò lọ!" Òmíràn ní, "Kíláàsì kẹrin ti fẹ́ di polofẹ́sọ̀!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ mi ló kúkú pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó sì ti pẹ́ tí odidi gbọ̀ngàn ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi.

Ìyá Aránṣọ dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀. Ó ní, "Ó ti yé mi." Ó sì jókòó.

Ohun tó yé e ni pé, níwọ̀n bí Tíṣà ti fi í rẹ́rìn-ín, ìtumọ̀ tó rọrùn ni. Bọ́ọ̀sì yóò gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, bí a ti ń wí pé ọkọ̀ yìí gba Oregun, tàbí pé alápatà kan gba òpópónà wa lọ sílé.

Àwọn onílé yòókù lápá ọ̀tún kò ṣe àṣìṣe yẹn. Wọ́n ní ọmọ nílé tó lè ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, wọ́n ti lọ gba fọ́ọ̀mù tiwọn, wọ́n sì ti kọ ohun gbogbo tó wà níwájú ilé wọn sínú rẹ̀: kànga, ọgbà, ìsọ̀. Ìyá Aránṣọ kò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí wọ́n ti fi ṣẹ̀fẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kì í tètè tún la ẹnu.

Mo rí i nígbà tí oṣù ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo ń bọ̀ láti ìdí àtẹ ìwé ìròyìn. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ kọnkéré ọkọ rẹ̀. Garawa ọ̀dà funfun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Òo, Tíṣà. Mo ń wẹ ọkọ mi ni." Ó rẹ́rìn-ín, kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀. "Bí bọ́ọ̀sì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ibí kọjá, ojú gbogbo ayé á máa wà lára rẹ̀. N ò fẹ́ kí èrò ọkọ̀ kan na ọwọ́ pé, ẹ wo òkú tí ìyàwó rẹ̀ dọ̀tí. Ó máa ń dìde ní agogo mẹ́rin lọ sí Oregun nígbà ayé rẹ̀, ó ń wọ ọkọ̀ mẹ́ta. Ní báyìí, ọkọ̀ ni yóò máa wá bá a."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtumọ̀ kejì, àfi bí ẹni pé ẹnìkan gbá mi létí. Mo wo kọnkéré náà. Mo fi ojú wọn ẹsẹ̀ mẹ́fà tó wà láàárín rẹ̀ àti ọ̀nà. Mo mọ̀ nígbà náà pé obìnrin yìí kò tíì gba fọ́ọ̀mù, kò sì ní gbà á.

Mo la ẹnu mi. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó tọ́ka sí apá orí ibojì náà, níbi tí kunlékunlé kan ti kọ ọ̀rọ̀ sí i pẹ̀lú ọ̀dà dúdú: SUN RE O.

"Bá mi wò ó, Tíṣà. Ṣé ó kọ ọ́ dáadáa? Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "Àmì ohùn kò sí níbẹ̀."

Mo gba búrọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi àmì ìsàlẹ̀ sórí U. Mo sún sẹ́yìn, mo wò ó bóyá ó dọ́gba. Ó dọ́gba. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó súre fún àwọn ọmọ mi, mo sì kọjá sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè bi mí pé, kí ló dé? Mo ti bi ara mi. Bí mo bá sọ fún un lójú ẹsẹ̀, yóò bi mí pé, "Ṣebí ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn?" Yóò sì jàre. Gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín yóò mọ̀ pé kíláàsì kẹrin ló gba máàkì, tíṣà ló fìdí rẹmi. Ẹ̀rù èyí ló bà mí, kò sí òmíràn.

Mo wá pinnu pé n óò kọ ìwé àtúnṣe, kí wọ́n lè kà á nípàdé, kí ó má baà dà bí ọ̀rọ̀ èmi àti ẹnì kan. Mo kọ èkíní: "Àṣìṣe kan wà nínú ìtumọ̀ tí mo ṣe." Mo fagi lé e, nítorí pé kò sí àṣìṣe gírámà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo kọ òmíràn: "Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́." Ìyẹn dà bí èébú, mo tún fagi lé e. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn: "Fún àǹfààní gbogbo wa, ìlàlóye díẹ̀ rè é." Mo ṣe é ní àdàkọ, mo tún un kọ pẹ̀lú ọwọ́ tó gún régé. Ọjọ́ Ẹtì ni oṣù parí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo kọ ọ́ tán, ẹnikẹ́ni kò sì kà á.

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, ojoojúmọ́ ni mo ń kí i láti ìlẹ̀kùn mi, ojoojúmọ́ ló sì ń dá mi lóhùn.

Àwọn ará àdúgbò náà mọ̀. N kò fẹ́ dá nìkan ru ẹrù yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ló wúwo lórí jù. Mo gbọ́ tí Alága ń sọ fún ẹnìkan níwájú ìsọ̀ rẹ̀ pé, "Ẹ wo Ìyá Aránṣọ, ó ń kun ibojì fún katapílà." Èkejì ní, "Ẹ ò sọ fún un?" Alága ní, "Ta ló fẹ́ gbọ́ gírámà?" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Mo gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, mo sì kí wọn pé wọ́n kú ọjà.

Ìgbà ọyẹ́ ni katapílà dé, láti ìhà Oko Ọba. Nígbà tí Ìyá Aránṣọ rí i tí iwájú ilé ń wó tẹ̀ lé ara wọn lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ẹnì kankan kò sì pariwo, òye gbogbo rẹ̀ yé e. Ó sáré lọ bá Alága. Alága ní kí ó lọ bá àwọn elétò. Àwọn elétò ní oṣù náà ti parí tipẹ́, àti pé ẹni tó bá fẹ́ ṣí ibojì gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àṣẹ. Ó pe ọmọ rẹ̀ ní Pọta. Ọmọ náà wọ ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Pọta jìnnà. Kò wá bá mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ náà dúró níwájú ilé rẹ̀. Fóómàn wọn jẹ́ ọkùnrin tó ní sùúrù, ó mú ìwé kan lọ́wọ́. Ìyá Aránṣọ jókòó sórí kọnkéré náà, lápá orí, níbi tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó.

"Màmá, mo ti wo ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà ilé yín kò ní ibojì."

"Òun rè é. Mo jókòó lé e."

"Mo rí i, Ma. Ìwé ni kò rí i."

"Ọmọ rẹ̀ ń bọ̀. Dúró di ìrọ̀lẹ́."

"Ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ dé ojú irin kí ó tó di ìrọ̀lẹ́." Ó na ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè. "Wọ́n tilẹ̀ fi Yorùbá kọ ọ́ fún yín. Ẹ gbọ́: 'yóò gba iwájú gbogbo ilé.' Kí ló tún ṣókùnkùn níbẹ̀? Ẹni tó túmọ̀ èyí gbìyànjú gan-an ni."

Mo ti sọdá wá nígbà náà. Mo dúró ní ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i. Alága ló na ọwọ́ sí mi pẹ̀lú ìgbéraga pé, "Tíṣà wa nìyí. Òun ló kọ ọ́."

Fóómàn tẹrí ba fún mi. "Ẹ kú iṣẹ́, Ma."

Ìyá Aránṣọ gbójú sókè, ó wò mí. Lẹ́yìn náà, ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó sì kúrò lórí ọkọ rẹ̀.

Kọnkéré náà fọ́ sí mẹ́ta. Èyí tó ní SÙN RE O lórí ló kọ́kọ́ lọ sínú típà, pẹ̀lú àmì tí mo fi sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú ilẹ̀, egungun sì ń jáde, púpọ̀ púpọ̀, ju ti ẹnì kan lọ. Awakọ̀ ẹ̀rọ náà yọ orí jáde, ó ní, "Egungun màlúù ni! Láti Oko Ọba la ti ń wú u bọ̀!" Òótọ́ ló sọ. Èyí tí wọ́n fi dí kòtò láyé àtijọ́ ti dà pọ̀ mọ́ ti ọkùnrin náà.

Ìyá Aránṣọ kúnlẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀, ó ń ṣà wọ́n. Ẹnìkan láàárín èrò pariwo pé, "Ìyá, ẹ wò ó dáadáa o, kí ẹ má lọ sin bọ̀kọ́tọ̀ sí Ìjẹ̀bú!" Ẹ̀rín tún sọ. Ẹ̀rín kan náà ni. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti gbọ́ ọ nínú gbọ̀ngàn.

Obìnrin náà kò gbójú sókè. Òwú ló ń wá. Òun fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ tí wọ́n fi sin ọkọ rẹ̀, ó sì máa ń rán etí aṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tó bá ti rí àkísà tí okùn méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí," á sì ṣa egungun tó wà nídìí rẹ̀. Èyí tí kò ní òwú, á gbé e sọ́wọ́, á wò ó, á sì gbé e sílẹ̀. Mi ò mọ iye egungun ọkọ rẹ̀ tó fi sílẹ̀ sínú ilẹ̀ yẹn. Òun náà kò mọ̀. Inú aṣọ yúníìfọ́ọ̀mù alálà kan, àṣẹ́kù ti ilé ẹ̀kọ́ mi, ló di wọ́n sí.

Mo kúnlẹ̀ pé kí n bá a ṣa. Ó ní, "Tíṣà, fi sílẹ̀. O ò mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ kẹta ni mo lọ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti gé ilé náà débi tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fi dojú kọ ìta gbangba, láìsí ilẹ̀kùn, láìsí ògiri. Ọmọ rẹ̀ ti dé, ó ń di ẹrù. Mo dúró sórí èéfọ́ bíríkì, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ẹ bi mí ní ìbéèrè, mi ò dáhùn. Mo wá mọ̀, mi ò sọ. Mo fẹ́ gba iwájú wọlé kí n lè kúnlẹ̀ fún yín."

Ó ń ká òwú sórí kẹ̀kẹ́ òwú. Kò dúró.

"Iwájú ilé mi dà," ó ní, "tí o tún fẹ́ gbà?"

Ọmọ rẹ̀ gbójú kúrò. Mo padà sílé mi, lápá òsì, níbi tí bíríkì kan kò ti yẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti lọ sí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú dìdì aṣọ náà. Kò padà wá mọ́.

Ọ̀nà náà ti parí báyìí. Wọ́n ṣe é dáadáa, bí ọmọbìnrin onígíláàsì nì ti wí. Omi gọ́tà wa kì í pọ́n lójú ọ̀nà mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ Oregun ń sùn pẹ́ díẹ̀ sí i. Èmi náà ń wọ bọ́ọ̀sì lọ gba oògùn ní Ìkejà, n kì í sì í pẹ́ lọ́nà. Ibùdókọ̀ tó súnmọ́ mi jù wà lọ́kánkán ilé mi, níbi tí ibojì yẹn wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ìjókòó gígùn kan síbẹ̀, àwọn èrò a máa jókòó láti orí títí dé ẹsẹ̀. Èmi nìkan ni mo máa ń dúró. Nígbà mìíràn, ọ̀dọ́ kan á dìde fún mi pé, "Màmá, ẹ jókòó." Mo máa ń sọ fún un pé ó ṣeun, bọ́ọ̀sì ti dé tán.

Mo rí ẹ̀dà ìtumọ̀ mi nínú fáìlì lóṣù tó kọjá. Mo mú bírò pupa, mo sì fagi lé "gba". Mo kọ "gé" sórí rẹ̀. Bírò náà kọ dáadáa. Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ̀yin tí wọ́n ń gbé ìwé ètò ìlú wá bá pé kí ẹ bá àwọn túmọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi. Bí ẹni tí kò kàwé bá dìde láti ẹ̀yìn tó bi yín pé ọ̀rọ̀ wo lẹ kà yẹn, ẹ má wo kíláàsì tó dé. Ẹ dá a lóhùn kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá sì ti rẹ́rìn-ín ná, ẹ sọdá títì lọ bá a lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má dúró kọ àdàkọ.